Abúlé Orí Omi Zélie: Bàríga Ni Tàbí Cape Town?

Nínú ìwé Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní 2018, Ilorin kì í ṣe ìlú Kwara tí a mọ̀. Abúlé apẹja tó wà lórí omi ni, ibẹ̀ sì ni Zélie, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọni ìtàn náà, àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Àwọn òrìṣà wa ló kún inú ìtàn náà, orúkọ Èkó àti Ìbàdàn sì wà níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí Gina Prince-Bythewood máa sọ ọ́ di fíìmù, South Africa ni wọ́n ti yà á ní 2025. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Èkó, ẹni tó bá kúrò ní Ọbaníkòró, tó gba Ṣómólú bọ́ sí Bàríga, kò ní pẹ́ kan etí ọ̀sà níbi tí àwọn Ìlàjẹ kọ́ ilé pákó sí lórí omi.

Cape Town ní South Africa ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan àwọn ọkọ̀ òkun inú eré One Piece. Ìjọba wọn ní ètò tó ń dá apá kan ìnáwó padà fún olówó fíìmù tó bá ti òkè òkun wá. Káfíńtà tó lè kọ́ abúlé, kó sì tún tú u palẹ̀, kò wọ́n níbẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé owó ńlá kì í lọ síbi tí ọkàn olówó kò bá ti balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ èrò Cape Town bí ọmọ Ìlàjẹ ṣe ń dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀ tó ń mì? Ní Bàríga, èéfín ẹja tí àwọn ìyá ń yan ti sọ pákó ilé di dúdú. Ọmọdé ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ ra nǹkan, àwọn bàbá jókòó ti àwọ̀n tó ya. Irú ayé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kàn ní ìṣó.

Ìṣòro Bàríga kò kéré. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn ju kìlómítà 11 lọ, wà lójú ọ̀sà gbalaja, ike omi sì ń léfòó káàkiri. Kọ̀ǹpútà lè pa afárá rẹ́. Èyí tó le jù ni owó lókéṣọ̀n: o san fún baálẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò dé, o rí tiwọn ṣe tán, àwọn mìíràn tún yọ. Ta ni yóò kọ ìyẹn sínú ìwé ìṣirò? Síbẹ̀, Kunle Afolayan kọ́ abúlé tirẹ̀ sí Ìgbòjayè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún fíìmù Aníkúlápó tó jáde ní 2022, nítorí náà kì í ṣe pé a kò mọ iṣẹ́.

Fún àwòrán tí kámẹ́rà máa yà láti òkè, Ganvié lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo máa mú: ilé pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, afárá ńlá kankan kò sì dí i lójú. Bàríga ni mo máa mú fún ojú èèyàn, fún ọjà àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Àmọ́ wọ́n sun abúlé Zélie nínú ìtàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan iná ńlá nítòsí ilé pákó tí ọmọ ń sùn sí. Iná yẹn, Cape Town ni kí wọ́n ti dá a.