Ohun tí Ọkàn Ń Sọ Lẹ́yìn Iná Abúlé Àdó

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ni ìbúgbàù kan ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Àdó, lẹ́bàá ọ̀pá epo ìjọba, tí ó mi ilẹ̀ tìtì, tí ó gba ẹ̀mí èèyàn tí kò dín ní 20, tí ó sì sọ ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College di àlàpà. Níbẹ̀ ni Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ti kú sẹ́nu àtiyọ àwọn ọmọ tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Iná kú, a sin òkú, Èkó Àkéte arómi-sá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ padà sẹ́nu òwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà àwọn tí ó yè ńkọ́?

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹni tí ó la irú iná bẹ́ẹ̀ já, tí oṣù kan ti kọjá, síbẹ̀ tí àlá burúkú ń jí i lóru, tí ó ń yẹra fún ọ̀nà ibẹ̀, tí àyà rẹ̀ sì ń já bí táyà táńkà bá bẹ́ ní Máìlì 2, kì í ṣe ojo, ẹnikẹ́ni kò sì sà sí i: àárẹ̀ ọpọlọ tí ìpayà ń fà, tí àwọn dókítà ń pè ní PTSD, lè ti wọlé sí i lára. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi orúkọ náà sínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n láti ọdún 1871 ni dókítà Jacob Da Costa ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí ọkàn wọn ń lù kìkìkì láìsí àrùn tí a lè tọ́ka sí nínú rẹ̀.

Bí ewu bá dé, ara a mú ọkàn yára kí a lè jà tàbí kí a lè sá. Bí ewu bá lọ, ó yẹ kí ó rọlẹ̀. Ní ọdún 1998, oníṣègùn ọpọlọ Arieh Shalev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù fi hàn pé, nígbà tí àwọn tí jàǹbá ṣe kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, ọkàn àwọn tí PTSD padà mú ti ń lù bí ìgbà 95 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ bí 83. Èyí tí ó tilẹ̀ jọ mí lójú jù ni pé ọkàn tí ara rẹ̀ dá kì í lù déédé bí aago: bí àyàn tí ó mọṣẹ́, á fa ìlù gùn díẹ̀ nígbà tí a bá ń mí síta, á sì ké e kúrú nígbà tí a bá ń mí sínú; lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní PTSD, ìyàtọ̀ yìí a máa dínkù.

Aago ọwọ́ ìgbàlódé lè ka gbogbo èyí. Iná aláwọ̀ ewé tí ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀ ń wọ awọ lọ, ẹ̀jẹ̀ ń gbé lára rẹ̀ mì, aago sì ń ka ìyókù tí ó padà. Awọ dúdú bíi tiwa náà a máa gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì, nítorí náà ó yẹ kí a dán irú aago bẹ́ẹ̀ wò lára wa kí a tó gbára lé e. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò kan tí a ń pè ní NightWare, tí ń fi aago kíyè sí ìlù ọkàn àti yíyí ara ẹni tí àlá burúkú ń dà láàmú, tí á sì gbọ̀n jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti já àlá náà.

Ṣùgbọ́n aago kì í ṣe adájọ́. Ibà ń mú ọkàn sáré, obì ń mú un sáré, àtẹ̀gùn ilé Festac náà ń mú un sáré; àfi kí dókítà bá èèyàn jókòó kí ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni a fi ń rín. Ọ̀pọ̀ yóò ní àwọn ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ìlù ọkàn wọn lè fún wa ní àmì. Ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wa, ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìfúnpá ń gbé iye ìlù ọkàn jáde lábẹ́ iye ìfúnpá, a kì í sábà bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa rẹ̀. Ìwọ̀n 60 sí 100 ni ti àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ léraléra láìsí ibà, mo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì bi olúwarẹ̀ bí ó ṣe ń sùn àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, kí ó sì kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá bí ìdáhùn rẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.