Ta ló gbẹ́ Erédò, nígbà wo sì ni?

Ní Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, sàréè kan wà tí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe jọ ń lọ. Àwọn àgbà ní ibẹ̀ ni wọ́n sin Bílíkísù Súngbọ́ sí, opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ òun ká kí orúkọ òun má baà parun. Ọ̀pọ̀ ló tilẹ̀ gbà pé òun ni Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì.

Yàrà náà, tí wọ́n ń pè ní Erédò, ń bẹ lóòótọ́. Ó tó 160 kìlómítà, ó sì yí àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Níbòmíràn, láti orí òkìtì rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tó 20 mítà. Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ògiri ilẹ̀ pupa ló dúró gbọnrangandan lọ́tùn-ún lósì, ó tutù, ó ń yọ̀, igi sì ti dí ojú ọ̀run lókè. Ọwọ́ lásán àti irin alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fi ṣe é!

Olùwádìí Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, olùwádìí mìíràn, Patrick Darling, sì kéde rẹ̀ fáyé ní 1999. Darling rò pé yàrà náà ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìwádìí tí Ọlánrewájú Làsísì àti David Arẹmu gbé jáde ní 2016 fà á sún mọ́ wa: nǹkan bí 1370 sí 1420. Èédú ni wọ́n fi ń mọ irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀. Igi tó wà láàyè máa ń gba irú kábọ́ọ̀nù kan sára, èyí tó ń dínkù látọjọ́ tí igi bá ti kú. Bí wọ́n bá wọn ìyókù, ọdún á hàn. Òkìtì ò sì lè dàgbà ju èédú tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà Ọbabìnrin Ṣébà fi ohun tó ju 2,000 ọdún ṣáájú ìyẹn, nítorí náà òun kọ́ ló ni yàrà yìí. Èmi ò rí i bí àbùkù fún Súngbọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwọn tó gbẹ́ yàrà náà: ta ló ń bọ́ wọn, kí ni wọ́n ń sá fún? Ohun tó dájú ni pé nígbà tí Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó ti gbọ́ pé yàrà ńlá yí ìlú Ìjẹ̀bú ká.

Láti 1995 ni Erédò ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Kò tíì wọlé, ọ̀nà àti ilé sì ń jẹ ẹ́. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà nítòsí ní Àgọ́-Ìwòyè. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè lọ láàárọ̀, kí ó dé lálẹ́. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n máa sàmì sí i. Ibi tí wọ́n bá ti fi erùpẹ̀ dí, kò sẹ́ni tó tún lè wá èédú níbẹ̀.