Onímọ̀ Oúnjẹ ní Ilé Ìwòsàn: Ohun Tó Kọ́ àti Ohun Tó Lè Ṣe fún Yín

Bí dókítà bá ní kí ẹ lọ rí onímọ̀ oúnjẹ, ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń pè ní dietitian, ẹ má rò pé alásè ni wọ́n ní kí ẹ lọ bá. Iṣẹ́ ìtọ́jú ló ń ṣe. Oúnjẹ ló ń díwọ̀n fún aláìsàn bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n oògùn, ó sì ti kọ́ ọ dáadáa kí wọ́n tó fi aláìsàn lé e lọ́wọ́.

Kí ló dé tí ìmọ̀ràn aládùúgbò kò fi tó?

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ láàárín wa, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi sọ fún un pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà nìkan ni kó máa jẹ. Òtítọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n kì í tètè dà nínú, ìyẹn ni kì í fi í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sáré ga. Ṣùgbọ́n bí àmàlà náà bá ti pọ̀ jù nínú abọ́, ṣúgà yóò ga náà ni.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé àtọ̀gbẹ tó bá pẹ́ lára lè ba kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín ló ń bá wa da àpọ̀jù èròjà kan tó ń jẹ́ potassium nù. Tí kò bá lágbára à ń ṣe é mọ́, potassium yóò máa ga nínú ẹ̀jẹ̀, bó bá sì ga kọjá ààlà, ó lè dá ọkàn dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà sì wà lára oúnjẹ tí potassium pọ̀ sí. Oúnjẹ tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ti wá di ewu fún un, òun kò sì mọ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ yóò wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó lè ní kí ẹ gé iṣu wẹ́wẹ́, kí ẹ sè é nínú omi púpọ̀, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ tó fi omi mìíràn sè é jinná, nítorí pé potassium máa ń bá omi àkọ́kọ́ lọ. Ó lè ní kí ẹ dín ẹran àti ẹja kù kí kíndìnrín lè sinmi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ yín, òun kan náà ni yóò ní kí ẹ fi kún un, torí pé ẹ̀rọ náà ń gbé lára èròjà amúaradàgbà lọ.

Ibo ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí?

Wọ́n ń kọ́ ọ ní Fásitì Ìbàdàn àti ní Fásitì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, àti láwọn ibòmíràn. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mú kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì ní ọ̀kúnkúndùn. Lẹ́yìn ìwé, ó ṣì kù kó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn ọ̀gá.

Wọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ náà ti ń wọ̀ wọ́n lára. Ẹ mú ọmọ tí àìjẹunre-kánú ti sọ di egungun. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó jẹun yó lójú ẹsẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n oúnjẹ púpọ̀ lójijì lè pa ọmọ náà. Wàrà tí wọ́n ń pè ní F-75, tó ní kálórì 75 nínú mìlílítà 100, ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra, tọ̀sán-tòru. Ìgbà tí ọmọ bá ti ń béèrè oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni wọn yóò bọ́ sórí F-100.

Wọ́n tún ń kọ́ bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. "Ẹ̀bà díẹ̀ ni mo jẹ" kò tíì sọ nǹkan kan, torí díẹ̀ ẹnìkan ni àjẹyó ẹlòmíràn. Nítorí náà, abọ́, ìgbakọ àti ṣíbí máa ń wà lórí tábìlì wọn kí ẹ lè fi hàn wọ́n. Wọn yóò béèrè iye májì tó wọ inú ọbẹ̀ àti iye èèyàn tó jẹ ẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìpotíì kan, àtèyí tó wà nínú májì, búrẹ́dì àti irú oníyọ̀.

Ó ń dùn wá pé ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú ni ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ ti béèrè wọn.

Tí ẹ bá ń bọ̀

Ẹ má yí oúnjẹ yín padà nítorí ìbẹ̀wò náà. Bí ẹ ṣe ń jẹun gan-an ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ẹ mú èsì àyẹ̀wò yín àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ ṣàdédé fi kún ẹ̀fọ́ tàbí kó ṣàdédé dín in kù, nítorí náà ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ sọ ti àgbo pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni kò ní bá yín jà. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó ń dáná nílé bá yín wá.