Ariwo Inú Rédíò àti Wáyà Ẹ̀rọ Fífa Omi

Ọ̀ràn kan wà ní Sókótó tó ń fẹ́ da àárín àwa aládùúgbò rú. Kànga ẹ̀rọ tí ń fi sólà fa omi ti wọ ilé púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń gòkè báyìí, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ará ilé kejì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, pàápàá lórí AM. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn kí ó tó wọkọ̀ gba Gúsau lọ sílé kò ní gbọ́ nǹkan kan. A ti rí ẹni tó ń gbá rédíò rẹ̀ lábàrá bí ọmọ aláìgbọràn. Àwọn mìíràn ti yan ara wọn lódì.

Àpótí kékeré kan wà láàrin sólà àti ẹ̀rọ inú kànga. Òun ni ó ń gé iná sólà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ̀rọ lè yí. Gígé yẹn ni ìyá ariwo. Wáyà gígùn tó ti ibẹ̀ wọ inú kànga ni ó ń gbé ariwo náà sí afẹ́fẹ́, bí ẹ́ríà ilé iṣẹ́ rédíò ti ń ṣe. Láti ọdún 1887 sí 1888 ni Heinrich Hertz ará Jámánì ti fi hàn pé iná tó ń ta pàrà lè rán ìgbì kọjá láìsí wáyà.

Iná tó gba wáyà kan lọ, tó sì gba èyí tó sún mọ́ ọn padà, a máa pa ariwo ara rẹ̀. Díẹ̀ tó jò sára irin ẹ̀rọ, tó gba inú ilẹ̀ padà sí àpótí, ni ọ̀tá wa. Kò rí ẹnìkejì tí yóò pa á lẹ́nu mọ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń ṣírò wáyà yìí bí ẹ́ríà gan-an: wọ́n á pín in sí wẹ́wẹ́ lórí ìwé, wọ́n á wo iná tó wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Gígùn wáyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìgbì FM 100 MHz gùn ní mítà 3. Wáyà tó bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 75, ti lè ké dáadáa.

Kí ẹ tó bá aládùúgbò jà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́, ẹ jọ pe oníṣẹ́ iná. Kí ó gbé àpótí sún mọ́ ẹnu kànga, kí wáyà ẹ̀rọ lè kúrú. Kí ó ki wáyà náà bọ páìpù irin, kí ó so páìpù mọ́ irin àpótí lókè àti irin ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Páìpù oníke kò dí ariwo rárá. Òrùka dúdú tí wọ́n ń pè ní ferrite náà dára, ṣùgbọ́n gbogbo wáyà ẹ̀rọ ni kí ó jọ gba inú rẹ̀ kọjá.

Bí onílé kò bá sì gbà ńkọ́? Ẹ gbé rédíò AM kékeré yín lọ́wọ́, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá ferrite tó wà nínú rẹ̀ kì í gbọ́ ibi gbogbo bákan náà; ẹ lè rí apá ibi tí ariwo ti rọlẹ̀ tí ohùn ìròyìn kò sì lọ.