Ìmọ́lẹ̀ àti Aago inú Ara

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àkùkọ kọ, ọ̀lẹ pòṣé. Ǹjẹ́ gbogbo ẹni tí ó pòṣé ni ọ̀lẹ bí?

Kí aago tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ìmọ́lẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń pín ọjọ́: àfẹ̀mọ́júmọ́, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́, ọ̀gànjọ́. Àgbẹ̀ Ararọ̀mí-Òwu, ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, kò nílò aago kí ó tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gba oko lọ.

Ìpín wọ̀nyí bá ìṣẹ̀dá ara mu. Aago kan wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ojú wọlé ni ó ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, họ́mọ́ònù tí à ń pè ní melatonin a máa sun sínú ẹ̀jẹ̀, a sì kéde fún ara pé òru dé. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, cortisol a gbérí, ara a sì gbáradì fún iṣẹ́. Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017 nítorí ìwádìí wọn lórí irú aago bẹ́ẹ̀ nínú ara eṣinṣin kékeré.

Àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà náà ń tẹ̀lé aago yìí. Nítorí náà, ewu ń bẹ fún nọ́ọ̀sì àti ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò, tí iṣẹ́ sọ òru wọn di ọ̀sán. Ní ọdún 2007, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2019, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ ka iṣẹ́ òru mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa àrùn náà.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Aago ara ọ̀dọ́ a máa pẹ́ ju ti àgbà lọ. Bí ó bá tún ń kàwé mọ́júmọ́ lábẹ́ iná títàn, tàbí tí ó tẹjú mọ́ fóònù di ọ̀gànjọ́, melatonin rẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó sun. Kí olùkọ́ tó pe ẹni tí ń tòògbé ní kíláàsì ní ọ̀lẹ, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè bí ó ṣe lo òru rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà dín iná kù ní alẹ́, kí ó sì jáde sínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Oògùn tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni.