Aago Ọwọ́ Wa, Ta Ló Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ní sáà tó kọjá, mo máa ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ láti lọ sáré. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló fún mi ní aago ọwọ́ kan, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní smartwatch. Mo so ó pọ̀ mọ́ áàpù kan tí àwọn tó ń sáré fi ń ka kìlómítà, mo sì tẹ "mo gbà" sí gbogbo ohun tó bi mí láìkà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àkọsílẹ̀ eré mi pé: "O ò jáde lánàá. Ṣé àlàáfíà ni?"

Kò bú mi, kò sì halẹ̀ mọ́ mi, àmọ́ àyà mi já. Nígbà tí mo wo ohun tí ojú rẹ̀ lè rí, mo bá máàpù kan níbẹ̀. Ìlà pupa bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì họ́sítẹ̀lì wa, ó yí pápá ìṣeré ká, ó sì padà sẹ́nu géètì kan náà. Àkókò tí mo jáde àti àkókò tí mo wọlé wà níbẹ̀, fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

N kò sọ aago náà nù; ó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí mo so mọ́ ọwọ́, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Tí ẹ bá bọ́ irú aago yìí, tí ẹ sì yí i padà, ẹ ó rí iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fa ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mu. Bí ọkàn bá ti lù, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ọrùn ọwọ́ kọjá á pọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sínú aago á sì dín kù. Iye ìgbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ni aago ń kà fún wa gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí ọkàn lù. Ẹ̀yà kékeré mìíràn wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ọwọ́ bá mì. Òun ló ń ka ìṣísẹ̀, òun náà ló sì ń fi bí ara ṣe dákẹ́ lóru díwọ̀n oorun wa. GPS ní tirẹ̀ ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì kó lè mọ ibi tí a wà.

Ó wúlò

Kì í ṣe fáàrí lásán. Ní 2018, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí Apple Watch máa ṣe àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, èyí tí wọ́n ń pè ní ECG. Yunifásítì Stanford náà fi aago yìí ṣe ìwádìí tí àwọn ènìyàn tó lé ní 400,000 kópa nínú rẹ̀, láti wò ó bóyá aago lè dá ọkàn tí kò lù déédéé mọ̀. Nínú igba ènìyàn, bí ẹnì kan ni aago kìlọ̀ fún. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn yẹ àwọn kan wò lára àwọn tó gba ìkìlọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n bá àìsàn ọkàn náà lára wọn. Èmi náà jẹ àǹfààní tèmi: lọ́sẹ̀ ìdánwò, mo rò pé wákàtí mẹ́fà ni mò ń sùn, aago ní mẹ́rin ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí aago bá sọ la ó gbà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA kìlọ̀ pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń fúnra rẹ̀ díwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún ara. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 tún fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìka láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kùnà láti rí i pé ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń lò, ìmọ́lẹ̀ náà sì ni aago wa ń lò. Bí ara kò bá dá, ilé ìwòsàn ni kí a lọ.

Ta ló ń gbọ́?

Yorùbá ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ara wa ń gba Bluetooth láti aago bọ́ sórí fóònù, ó sì ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù, èyí tó lè wà ní orílẹ̀-èdè tí a kò dé rí. Ilé-iṣẹ́ náà sì lè yí ọwọ́ padà. Google ra Fitbit, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2021. Kí àwọn aláṣẹ Yúróòpù tó fọwọ́ sí i, wọ́n mú Google ṣe àdéhùn pé fún ọdún mẹ́wàá, kò ní fi àkọsílẹ̀ ìlera àwọn tó ń lò ó ní Yúróòpù polówó ọjà. Àwọn ará Yúróòpù ni àdéhùn yẹn kàn.

Àwọn kan á ní, "Bí wọn ò bá ṣáà ti kọ orúkọ mi sí i." Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Strava gbé máàpù àgbáyé kan jáde tó fi ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sáré hàn, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìíní 2018, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan bíi tiwa ní Ọsirélíà, Nathan Ruser, ṣàkíyèsí pé ìlà tó ń tàn yòò wà ní àwọn ibi tó ṣókùnkùn ní Síríà àti Afganísítáànì. Àgọ́ àwọn ọmọ ogun ni. Eré àárọ̀ wọn ló tú àṣírí wọn. Níbi tí èrò kò bá pọ̀ sí, ọ̀nà tí ẹnì kan ń gbà tó láti dá a mọ̀. Níwájú họ́sítẹ̀lì wa ní aago márùn-ún ààbọ̀, èmi nìkan ló ń sáré.

Ohun tí mo ṣe

Mo kọ́kọ́ yí ètò inú áàpù náà padà kí àwọn tí mo mọ̀ nìkan lè rí eré mi, mo sì fi ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí mo ti ń parí pamọ́. Lẹ́yìn náà, mo wo gbogbo àyè tí mo ti fún un lórí fóònù mi. Ó ń wo nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ mi, ó sì lè lo gbohùngbohùn. Aago tó ń ka ìṣísẹ̀ kò nílò ìkankan nínú méjèèjì, mo sì gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ta aago yín tàbí fi tọrẹ, ẹ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì pa àkáǹtì yín rẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò pa ohun tó ti wà lọ́wọ́ wọn rẹ́. A ní òfin lẹ́yìn wa pẹ̀lú: ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni ní Nàìjíríà. Òfin náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra tó ga, ó sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa wa àti láti gba ìyọ̀ǹda wa padà.

Títí di òní, n kò mọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bóyá ire ló ní lọ́kàn. Mo ṣì ń sáré, ṣùgbọ́n mo ti yí àkókò padà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá la sì jọ ń jáde. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí áàpù yín, kí ẹ wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí ṣe máa wò ó.