Ta Ni Èèmọ̀? Ọ̀rọ̀ Ìbejì ní Ilẹ̀ Oǹdó

Nígbà kan rí ní ilẹ̀ Yorùbá, èèmọ̀ ni wọ́n ka ìbejì sí. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹranko ló ń bí ọmọ ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn a pa àwọn ọmọ náà, tàbí kí wọ́n gbé wọn sọ sínú igbó, kí ibi má baà bá ìlú. Àwọn tó ń ṣe é kò ka ara wọn sí ìkà. Wọ́n gbà pé ìlú ni àwọn ń tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Oǹdó gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ní ìyàwó ọba kan bí ìbejì, ọba kò sì lè pa wọ́n. Ọba ní kí wọ́n kó ìyá àtàwọn ọmọ lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí a kà wọ́n sí òkú. Ìrìn àjò náà ló gbé wọn dé ibi tó di Oǹdó. Ìtàn àwọn ará Oǹdó fúnra wọn kò yọ ìbejì sílẹ̀, Pupupu, obìnrin kan nínú ìtàn yìí, sì ni wọ́n kà sí Òṣemàwé àkọ́kọ́, ìyẹn ọba Oǹdó. Láàárín àwọn tí wọ́n ní kí a kà sí òkú ni ọba ti jáde.

Johnson tún sọ pé ó ti pẹ́ tí pípa ìbejì ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, débi pé kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó fòpin sí i. Ní ìhà ìlà oòrùn, àṣà náà pẹ́ kó tó kú. Ibi tó ti kú, ìbejì di ẹni àpọ́nlé. Tí ọ̀kan bá kú, wọn a gbẹ́ ère rẹ̀, wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a sì fún un lóúnjẹ. Kò sí sáyẹ́ǹsì kankan nídìí ìyípadà yìí. Àánú ló ṣáájú ìmọ̀, ó sì yẹ kí a kà á sí iyì fún àwọn baba ńlá wa.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìmọ̀ dé. Bí ẹyin kan tó ti gba àtọ̀ bá pín sí méjì, ìbejì tó jọra bí ìmumu ni wọn yóò jẹ́. Káàkiri ayé, irú èyí kò ju bíi mẹ́rin lọ nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ. Bí ẹyin méjì bá jáde lóṣù kan náà, tí àtọ̀ sì bá kálukú wọn, ìbejì tí ojú wọn lè má jọra nìyẹn. Irú kejì yìí ló pọ̀ láàárín Yorùbá. Oníṣègùn Percy Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ka ìbejì ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ó sì rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, bíi márùndínláàádọ́ta ló jẹ́ ìbejì. Ó tún rí i pé hòmóònù tó ń mú ẹyin gbó pọ̀ lára àwọn ìyá wọn. Ìyá ìbejì kò ṣẹ̀, ìbejì kò sì túmọ̀ sí pé ọkùnrin kejì bá a lò, bí wọ́n ti máa ń fẹ̀sùn kan irú wọn ní ibi púpọ̀ láyé.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni rere. Ní 1573, Ambroise Paré, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde lórí èèmọ̀, ó sì ka àwọn ọmọ tí a bí ní ìlẹ̀pọ̀ mọ́ wọn. Èyí tó burú jù ni ti Josef Mengele, ará Jámánì. Oyè ọ̀mọ̀wé méjì ló gbà, ó sì mọ bí ìbejì ṣe ń wáyé dáadáa. Láti 1943 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1945, ní Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Násì ti ń pa ènìyàn, ó ń wọn ìbejì, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Wọ́n pa àwọn kan nínú wọn kí wọ́n lè la òkú méjèèjì, kí wọ́n sì fi wọ́n wéra. Ọmọ tí ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ bẹ̀rù kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọ̀mọ̀wé tó wọ aṣọ funfun yìí ló ṣe iṣẹ́ èèmọ̀. Ó kú sí Brazil ní 1979 láìfojú ba ilé ẹjọ́.

Wọ́n dá àwọn dókítà mìíràn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ ní Nuremberg, ní Jámánì. Inú ìdájọ́ náà, ní 1947, ni ìlànà ti jáde pé a kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni dán nǹkan wò bí kò bá fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbejì ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn Ọ̀rẹ̀ tàbí Òdìgbó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lónìí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ náà àti ewu rẹ̀ fún òbí wọn, kí òbí sì fọwọ́ sí i nínú ìwé kó tó fọwọ́ kan ọmọ.